Àtàǹpàkò Àrìnpé àti Ọ́ìlì Tó Ṣàn Bí Omi

Kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí í wọ Mahintedo tí kò ní kọ́kọ́ kan àtàǹpàkò Àrìnpé. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó ti ń ta bẹntiróòlù àti ọ́ìlì fún àwọn ọlọ́kọ̀ létídò. Ẹ̀kán kan ni yóò kán sórí àtàǹpàkò, yóò fi ìka kejì ra á, yóò sì gbé e sókè. Bó bá fà bí ilá, ojúlówó ni. Bó bá já, oníjìbìtì kan ti bu kẹrosíìnì lù ú, ẹni tó gbé e wá yóò sì gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ kò sọ fún un rí.

"Eyín mi ti ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí àlejò," yóò wí, yóò rẹ́rìn-ín títí ìró yóò fi tú nídìí rẹ̀. "Ìdí mi ti fẹ̀ ju àpótí tí mò ń jókòó lé lọ. Àtàǹpàkò yìí nìkan ni kò darúgbó."

Ọdún tí ogun odò dé ni ẹ̀rín náà gbẹ. Àwọn tí wọ́n jọ ń ná ọjà, tí wọ́n jọ ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wá ń fi iná sílé ara wọn. Moríkẹ́, ọmọbìnrin Àrìnpé, wà ní Zion Pepe nílé ọkọ, pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. Ìròyìn kàn pé kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, àwọn ìhà kejì yóò ya wọ ibẹ̀. Àfi kí wọ́n tètè lọ gbé e.

Kọ́lájọ, ẹ̀gbọ́n Moríkẹ́, ní ọkọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ajalèlókun ti tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Òun àti Waliyullah, ọmọ Ìbàdàn kan tó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì, ló lọ yọ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kékeré tí tíṣà kan fi sílẹ̀ sá lọ ní Ìgbókòdá. Wọ́n dè é mọ́ inú ọkọ̀ ojú omi, wọ́n so irin mọ́ ọn dé ibi abẹ̀bẹ̀ tó ń ti omi. Ìgbà tí wọ́n tẹná sí i, pẹ́pẹ́yẹ etídò fọ́n ká. Àrìnpé ní bí òun ṣe ké lọ́jọ́ tí òun ń rọbí Kọ́lájọ gẹ́lẹ́ nìyẹn, pé orí ọmọ náà ló tóbi.

Waliyullah gbé kẹ̀ǹ ọ́ìlì kan wá. Síńtẹ́tíìkì ni wọ́n ń pè é. Ó ṣàlàyé pé ẹ́ńjìnnì tó ń sáré tó báyìí, ihò tí ọ́ìlì ń gbà nínú rẹ̀ tóóró. Ọ́ìlì tó ki yóò máa wọ́, kò ní tètè dé òkè, ooru yóò sì sun ún. Èyí fẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n iná kì í tètè bà á jẹ́.

Àrìnpé kán an sórí àtàǹpàkò. Kí ó tó ra á, ó ti ṣàn dé ọrùn ọwọ́.

"Ọmọ mi, wọ́n ti ta kẹrosíìnì fún ọ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá, ẹ má fi ìka wọ̀n ọ́n," ni Waliyullah wí. "Ìka ò mọ bó ṣe ń gbóná tó nínú lọ́hùn-ún."

Kọ́lájọ wo ọ̀rẹ́, ó wo ìyá. Ó ní ọ̀rọ̀ Ìyé, ìyá òun, ni òun mọ̀. Àrìnpé fúnra rẹ̀ ló bu ọ́ìlì lọ́rì sí i, èyí tó ki bí ògì, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ́ńjìnnì, ó sì súre fún un.

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kejì, ọkọ̀ ti lọ, ó ti bọ̀, ó kó èèyàn mọ́kànlá. Moríkẹ́ kò sí níbẹ̀. Ó ti fi àyè sílẹ̀ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Kọ́lájọ ní ẹ́ńjìnnì ń gbóná, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Waliyullah bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun da ọ́ìlì yẹn nù, kí òun rọ èyí tó fẹ́lẹ́ sí i, pé kò ní pẹ́ ju kí èèyàn jẹun lọ.

"Ohun tó gbé mọ́kànlá wá yóò gbé ìyókù wá," ni Àrìnpé wí. "Máa lọ, Kọ́lájọ. Àbúrò rẹ ń dúró."

Ó lọ. Ọ̀sán pọ́n, ọkọ̀ kò dé. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, èéfín ń gòkè níhà Zion Pepe. Àrìnpé kò kúrò létídò.

Ọ̀sán ọjọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yọ, wọ́n ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀. Àtẹ́lẹwọ́ Kọ́lájọ ti bó. Moríkẹ́ sùn sínú ọkọ̀, ikùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, ẹ̀wù Kọ́lájọ tí wọ́n fi di nǹkan kékeré kan sì wà láyà rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ti nọ́ọ̀kì láàárín omi, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Wọ́n gbọ́ ọkọ̀ àwọn ọ̀tá, wọ́n sì fà wọ inú igbó ẹ̀gbà tó ta gbòǹgbò sínú omi. Ibẹ̀ ni ọmọ ti mú Moríkẹ́. Kò gbọ́dọ̀ ké, nítorí ohùn máa ń rìn lórí omi. Ó fi eyín di aṣọ mú. Ọmọ náà dé, òun náà kò ké.

Lẹ́yìn tí wọ́n sin ín, àwọn ọ̀dọ́ kóra jọ pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n ní àwọn ìhà kejì ló yìnbọn fún ẹ́ńjìnnì, pé ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun kò ní lọ lásán. Waliyullah mú sípánà. Ó ṣáà tú ìdí ẹ́ńjìnnì náà lójú gbogbo wọn. Ohun tó jáde dúdú bí ọ̀dà, ó ń rùn. Kò sí ojú ọta kankan lára irin náà.

Àrìnpé fi àtàǹpàkò kàn án. Ó dìde.

"Ẹnikẹ́ni ò yin ẹ́ńjìnnì yìí níbọn. Ọ́ìlì mi ló pa á. Bí ẹ bá ń wá ẹni tí ẹ ó gbẹ̀san lára rẹ̀, èmi rèé."

Àwọn kan gbé ìbọn wọn lọ sílé. Àwọn kan lọ síbi tí wọ́n ń lọ tẹ́lẹ̀.

Ó lé lóṣù kan kí Waliyullah tó rí irin tí yóò fi tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe. Èèyàn ṣì kù tí wọn yóò lọ kó. Ó gbé kẹ̀ǹ ọ́ìlì fẹ́lẹ́ jáde, Kọ́lájọ sì gbà á, ó nà án sí ìyá rẹ̀ bí ó ti máa ń ṣe. Àrìnpé ká àtàǹpàkò rẹ̀ sínú ìkúùkù. Ó ní àtàǹpàkò tó mọ ilá ló lọ ń ṣe mẹ̀káníìkì. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Òun náà kò rẹ́rìn-ín.

Moríkẹ́ jáde látinú ilé, ọ̀já tí wọ́n fi di ikùn rẹ̀ lẹ́yìn ìbí ṣì wà lára rẹ̀. Ó gba kẹ̀ǹ náà lọ́wọ́ Kọ́lájọ, ó bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, ó sì ń rọ ọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀. Kò wo ojú ìyá rẹ̀. Nígbà tó tán, ó gbọn kẹ̀ǹ náà títí ẹ̀kán ìgbẹ̀yìn fi bọ́ sínú rẹ̀.

"Ó tó," ni Waliyullah wí.

Moríkẹ́ ṣì ń gbọn ọ́n.