Iná Kejì Ti Gun Òkè

Kí rọ́kẹ́ẹ̀tì tó fò, a máa ń kọ́kọ́ de ẹ̀ńjìnnì rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí òkè, a ó dáná sí i, a ó sì máa wò ó bóyá yóò jó dáadáa tàbí yóò bú gbàmù. Iṣẹ́ tèmi níbẹ̀ ni iná mànàmáná. Gbogbo wáyà tó gun òkè yẹn àti gbogbo èyí tó ń ti ibẹ̀ bọ̀, ọrùn mi ló wà.

Ṣùgbọ́n àga ọ̀gá ẹ̀ka iná mànàmáná kò tíì di tèmi. Adelé ni mí. Ìdánwò méjì ti dúró lójijì nítorí iná, ni Thanumalayan, ọ̀gá àgbà wa, bá pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Ó ní bí kíkà, iye tí a ń kà sẹ́yìn kí a tó dáná sí ẹ̀ńjìnnì, bá tún dúró nítorí iná lọ́jọ́ Ẹtì, Chaturvedi ni yóò gba àga náà. Bí kò bá dúró, tèmi ni.

Chaturvedi ti dé láti àríwá nígbà yẹn. Ó ní ìran lòun wá wò. Ẹni tó wá wòran kì í gbé ìkòkò ìdáná dání bíi tirẹ̀. Kó má baà jókòó lásán, wọ́n fi í ṣe alábòójútó ààbò fún ọjọ́ náà, wọ́n sì fi í sídìí bọ́tìnnì pupa tó ń dá kíkà dúró. Èèyàn rere ni. Ó ti ń kọ́ èdè wa, Tamil, nínú ìwé, ó sì ń fi í kí gbogbo ènìyàn. Ó bi dírẹ́bà wa bóyá ara ọlá rẹ̀ le bí, bí ẹni ń kí ọba. Dírẹ́bà náà rẹ́rìn-ín títí ó fi dá ọkọ̀ dúró.

Èmi gbà pé ẹnu ló dá ìdánwò méjì yẹn dúró. Ẹni kan lè wà lórí fóònù kó máa sọ pé ó dà bí ẹni pé iná náà kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́, kí ìṣẹ́jú kan sì ti kọjá. Mo bá ṣe òfin: ọ̀rọ̀ méjì péré ni n óò máa gbọ́ lórí fóònù. Ó tàn. Ó kú. Gbogbo wọn gbà, àfi Sudalaimuthu.

Yàrá bátìrì lẹ́sẹ̀ òkè ni Sudalaimuthu máa ń jókòó sí, tí gílóòbù kéékèèké mẹ́ta wà níwájú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, ó túmọ̀ sí pé bátìrì tó yẹ kó pa ẹnu páìpù epo dé kò ṣiṣẹ́ mọ́. Bí nǹkan bá wá bàjẹ́ lórí òkè, kò sí ohun tí yóò dá epo dúró. Kọ̀ǹpútà náà ń wò ó, àmọ́ kọ̀ǹpútà ti parọ́ fún wa rí, la ṣe fi ojú èèyàn kún un.

Ó ní, "Màdáàmù, ẹ má bínú. Mi ò lè sọ pé iná kú níwájú ohun tá a fẹ́ dáná sí. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ mímọ́ wa, ló tún wá jẹ́."

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, gílóòbù ni. Kì í ṣe bàbá yín."

"Bàbá mi náà ò kú. Ó lọ bá àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ni."

Mo mọ ohun tó ń sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, fìtílà kì í kú. Wọ́n á ní ó gun òkè. Bí mo bá ní ó kú nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ìyá mi á gbá mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n kò sí táńkì epo rọ́kẹ́ẹ̀tì nílé ìyá mi. Mo bá a fà á títí ó fi ní òun á gbìyànjú. Mo ka ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, fèrè dún, gbogbo ènìyàn kúrò lórí òkè, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye sẹ́yìn nínú yàrá ìdarí. Gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Wọ́n ń dárúkọ gílóòbù, àwọn ènìyàn mi ń dáhùn pé ó tàn, ó tàn. Kíkà ti wọ ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn nígbà tí Sudalaimuthu wúkọ́ lórí fóònù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ há a lọ́fun.

"Màdáàmù."

"Ẹ wí i."

"Iná kejì..." Ó tún wúkọ́. "Iná kejì ti gun òkè."

Gbogbo yàrá ló gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó yé mi lójú ẹsẹ̀. Bí mo bá dá kíkà dúró, àga ti lọ. Bí mi ò bá dá a dúró, tó bá jẹ́ bátìrì ló kú tí kì í ṣe gílóòbù lásán, ẹ̀ńjìnnì lè lọ, kó sì mú apá kan òkè dání. Mo na ọwọ́ sí bọ́tìnnì. Kí ọwọ́ mi tó dé ibẹ̀, Chaturvedi ti fò dìde, ó ti fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì gbá bọ́tìnnì pupa mọ́lẹ̀.

"Èèyàn wà lórí òkè," ló wí. Òógùn ti bò ó. "Ó gbé iná dání. Ẹnì kejì sì nìyẹn o. Ẹni àkọ́kọ́ ti lọ."

Ó gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó bi Sudalaimuthu pé ta ló gbé iná náà.

Sudalaimuthu dá a lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, "Kò sẹ́ni tó gbé e, sà. Òun fúnra ẹ̀ ló gùn ún."

Chaturvedi jókòó. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ti gbéra ní tiwọn, wọ́n wá inú igbó kiri, wọ́n sì da ewúrẹ́ mẹ́ta bọ̀. Èmi sáré lọ sí yàrá bátìrì. Fíúsì ló jó. Bátìrì náà kò ṣiṣẹ́ lóòótọ́. A pààrọ̀ fíúsì náà.

Nígbà tí mo padà dé, Thanumalayan ti wà níbẹ̀, ó ń béèrè ẹni tó dá kíkà dúró. Gbogbo ojú yí sí Chaturvedi. Ọ̀gá ní tó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ààbò ni, a jẹ́ pé kì í ṣe iná. Arulselvi, igbá kejì mi, tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ lábẹ́ tábìlì pé kí n panu mọ́. Ó tẹ̀ ẹ́ débi pé ó dùn mí.

Mo ní, "Iná ni, sà. Fíúsì jó. Bí wọn ò bá tẹ bọ́tìnnì yẹn, èmi ni ǹ bá tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá wò mí. Ó ní a jẹ́ pé mo ti fẹnu ara mi lé ara mi kúrò lórí àga nìyẹn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Chaturvedi gbé ọwọ́ sókè bí ọmọ iléèwé. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n má gbé e fún òun. Wọ́n ti ṣàlàyé ọ̀rọ̀ iná tó gun òkè fún un, ó sì ti béèrè bóyá irú ẹ̀ tún wà. Wọ́n ti sọ fún un pé ẹni tó ń lọ níbí kì í sọ pé òun ń lọ, pé òun ń bọ̀ ló máa ń wí.

"Sà," ó wí, "bí ẹni tó ń lọ bá ń sọ pé òun ń bọ̀, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ẹni tó ṣì wà lórí òkè?"

Ọ̀gá rò ó títí. Ó sọ fún mi níkẹyìn pé àga di tèmi, kì í ṣe pé mo ṣe dáadáa, ẹlòmíràn ni kò gbà á. Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Lọ́sàn-án a tún kà á látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀ńjìnnì jó títí epo fi gbẹ, fèrèsé gbogbo ń gbọ̀n, Arulselvi ń sunkún.

Lẹ́yìn náà a lọ jẹun. Ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ ni Chaturvedi fẹ́ wọ̀, ebi sì ti mú un. Ó jẹ ìrẹsì oníwàrà kíkan tán, ó na abọ́ sí Chellathai tó ń bu oúnjẹ, ó bi í bóyá ó ṣì kù.

Chellathai rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ó ti pọ̀ gan-an, sà."

Inú Chaturvedi dùn. Ó na abọ́ náà síwájú sí i. Chellathai ń wò ó, òun náà ń wo Chellathai. Ìkòkò ti ṣófo, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa a kì í sọ pé oúnjẹ tán, ó pọ̀ là ń wí. Àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń wolẹ̀.

Mo ní, "Ó ti tán, sà."

Chellathai wò mí bíi pé mo tutọ́ sínú ìkòkò.