Ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ lábẹ́ ọ̀pẹ

Bí o bá dé Abà Olódò, lọ́nà Lánlátẹ̀, tí o ní ẹmu wọn kan, àwọn adẹ́mu ibẹ̀ á fi ọ́ rẹ́rìn-ín, wọn á tún bu òmíràn fún ọ. Ṣùgbọ́n má ṣe so "já" mọ́ igbà. Igbà ni okùn tí adẹ́mu fi ń so ara rẹ̀ mọ́ ọ̀pẹ, ẹ̀mí rẹ̀ sì ni. Bí ó bá gbó, wọn á ní ó rẹ̀ ẹ́. Bí ó bá fẹ́ẹ́ tú, wọn á ní ó ń tòògbé. Ọjọ́ tí ènìyàn bá ṣubú láti òkè nìkan ni wọ́n ń pe já. Adẹ́mu tó bá wà nítòsí ni yóò ké e pẹ̀lú orúkọ onítọ̀hún, tọkùnrin tobìnrin yóò sì sáré lọ bá a.

Ìyẹn ló fà á tí gbogbo ojú fi yí padà lábẹ́ àtíbàbà ẹmu ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, nígbà tí Tàófíìk tí kò tíì pẹ́ nínú iṣẹ́ wo igbà Bámiṣẹ́ tó ní, "Bàbá Aliyyah, igbà tí bàbá yín lò kú lẹ ṣì gbé kọ́ èjìká yìí? Ó máa já—"

Awótúndé, àgbà wọn, ti na ọ̀pá sí i. "Gbé e mì! Gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì!"

Tàófíìk gbé e mì, gbì. Àwọn tó wà lábẹ́ àtíbàbà bú sẹ́rìn-ín. Làtíífàt, ìyàwó Bámiṣẹ́, tó ń sẹ́ ẹmu, ò rẹ́rìn-ín. Aliyyah, ọmọ ọwọ́ wọn, sùn sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Bàbá Aliyyah, ẹ tètè dé o," ni Làtíífàt wí. "Wọ́n ní ọ̀nà ò dára lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí."

"Ẹni tó ń gba òkè, kí ló kàn án kan ọ̀nà?" ni Bámiṣẹ́ wí, ó sì la odò kọjá.

Ó bọ́ ṣòkòtò sí abẹ́ igbó, tòun ti fóònù inú àpò rẹ̀, ó gun ọ̀pẹ. Ó ti ń yọ kèrègbè nígbà tí ewé gbígbẹ dún nísàlẹ̀. Àwọn ọkùnrin ni, wọ́n tò bí ìjàlọ, aṣọ dúdú bo ojú wọn, ìbọn wà lọ́wọ́ wọn. Oyin kan bà sí ètè Bámiṣẹ́. Kò lé e.

"Ibi ẹmu yẹn ni," ni ọ̀kan wí. "Ẹ kó àwọn tó bá lè rìn. Ọmọdé tó bá ń ké, ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa ṣe."

Wọ́n gba ọ̀nà tó yí àpáta po. Ọ̀nà náà jìn ju ti odò lọ, ṣùgbọ́n ibi kan náà ló já sí: orí ẹní Aliyyah.

Bí Bámiṣẹ́ bá ké "olè", ìbọn yóò kọ́kọ́ dá a lóhùn, àwọn ará àtíbàbà yóò sì túká, àwọn mìíràn yóò sá lọ pàdé ikú lẹ́bàá àpáta. Bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, ìbọn á ti dé àtíbàbà ṣáájú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú gbogbo wọn dìde gba ọ̀nà odò. Kò sí adẹ́mu tó fi í parọ́ rí. Bámiṣẹ́ yí ohùn padà.

"Igbà Bámiṣẹ́ já o! Igbà Bámiṣẹ́ já!"

Igbà náà mì lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni pé ó gbọ́. Lọ́hùn-ún, àwọn ìbọn dúró.

"Kí nìyẹn?"

"Adẹ́mu kan ló ṣubú. Tiwa kọ́. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n gbọ́ Yorùbá, wọn ò gbọ́ ti adẹ́mu.

Bámiṣẹ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ balẹ̀ nígbà tí àwọn ará àtíbàbà ya dé láti odò. Làtíífàt ló ṣíwájú, ó pọn Aliyyah, gèlè ti bọ́. "Bámiṣẹ́! Bámiṣẹ́ o!" Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò pe orúkọ náà rí. Ó rí i tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ balẹ̀, ẹnu rẹ̀ sì là sílẹ̀.

"Ẹ dákẹ́. Ẹ dọ̀bálẹ̀," ni Bámiṣẹ́ wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ìbọn ń lọ sí àtíbàbà."

Inú oko ẹ̀gẹ́ ni wọ́n sápamọ́ sí. Aliyyah fẹ́ ké, ìyá rẹ̀ ki ọmú bọ̀ ọ́ lẹ́nu. Láìpẹ́ wọ́n gbọ́ bí àwọn agbébọn ti ń fọ́ kèrègbè, pó, pó. Ìbọn kan dún. Lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́. Kò sẹ́ni tó mira títí ìrẹ̀ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í ké.

"Bàbá Aliyyah," ni Tàófíìk wí, "ẹ gbé e mì."

Awótúndé na ọ̀bẹ sí Bámiṣẹ́. Igbà tí a bá ti ké pé ó já ò gbọdọ̀ gun ọ̀pẹ mọ́.

"O pe ikú, kò sì bá ọ," ni àgbà wí. "Fún un ní nǹkan kó máa lọ."

Bámiṣẹ́ tẹ́ igbà bàbá rẹ̀ sórí gbòǹgbò, ó fi ọ̀bẹ rẹ́ ẹ, ó rẹ́ ẹ títí òógùn fi bò ó. Kò rẹ igbà náà rárá. Ó le bí ọjọ́ tí wọ́n hun ún. Nígbà tó ṣe, ó pín sí méjì.

"Ó já," ni Làtíífàt wí jẹ́jẹ́.

Kò sẹ́ni tó ní kó gbé e mì.