Báàfù Omi Aró ní Lotto

Ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, Àjíbíkẹ́ aláró kò rójú jókòó. Lánàá ni Alhaji Láwàlì, onílé wọn ní àdúgbò Lotto ní Mowe, ti là á mọ́lẹ̀ fún un pé omi aró tó ń dà nù ti ń wọ kànga òun. Bí kò bá rí nǹkan ṣe sí i kí òun tó ti ìrun Jímọ̀ dé, kó kó aró rẹ̀ jáde nílé òun. Aró yìí kan náà ló fi rán Nùsírátù, ọmọ rẹ̀, dé yunifásítì.

Nùsírátù ní kí ìyá òun fọkàn balẹ̀. Ó ti se ewé ewúro, ó sẹ́ ẹ, ó po kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní iyọ̀ síńkì mọ́ omi rẹ̀, ó sì sun ún títí ó fi di ìyẹ̀fun funfun tí hóró rẹ̀ kan kéré ju ohun tí ojú lè rí lọ. Nano ló ń pè é, ó ní á pa dúdú inú omi aró rẹ́. Láàárọ̀, ó da ìyẹ̀fun náà sínú báàfù omi aró kan ní àgbàlá.

"Mọ́mì, ẹ má gbé e kúrò níbí o. Kí Alhaji tó dé, á ti clear."

Ló bá sáré lọ kọ́ àwọn ọmọ kan ní lẹ́sìn n'Íbafò.

Àjíbíkẹ́ kò gbé e lóòótọ́. Àmọ́ ta ni wọ́n kọ́ nílé tí í fi omi sílẹ̀ láìdé, pàápàá ní Mowe tí eruku kì í sinmi? Ó wá báàfù mìíràn, ó dé e pinpin, ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀.

Nígbà tí Alhaji dé tó ṣí i, omi ṣì dúdú bíi tàná.

"Ìyá Nùsí, o rí i báyìí?"

Àjíbíkẹ́ kúnlẹ̀. Ibi tó kúnlẹ̀ sí ni Nùsírátù bá a.

"Ta ló dé e?"

"Èmi ni. Ṣé kí eruku wọ̀ ọ́ ni?"

"Yéè! Mọ́mì, oòrùn ni! Oòrùn ló ń jẹ́ kí nano ṣiṣẹ́!" Òun náà kúnlẹ̀. "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún wa láyè di ìrun Alásárì."

Alhaji pòṣé, ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó.

Oòrùn mú ganrínganrín. Nùsírátù ń ro omi náà. Kò kọ́kọ́ sí ìyàtọ̀. Nígbà tó yá, dúdú rẹ̀ ṣí, ó rí bí omi búlúù tí wọ́n fi ń ṣan aṣọ. Àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Nùsírátù dáwọ́ ìrò dúró kí ìyẹ̀fun lè rọlẹ̀, gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wò.

"Nùsí! Òdòdó!" Àjíbíkẹ́ figbe ta. Òdòdó pupa tí wọ́n yà sí ìsàlẹ̀ báàfù ti ń yọjú. Ìdùnnú ṣubú lu ayọ̀ fún un, ó ń fò sókè bí ọmọdé.

Wọ́n ti ń pe ìrun Alásárì, Alhaji kò gbọ́. Ó ti dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó ń fọwọ́ lé èrò sẹ́yìn.

"Ẹ kúrò níbẹ̀ jàre! Ìyá Nùsí, ìwọ náà sún! Ṣé o ò rí i pé o ń dí oòrùn ni?"