Ẹ̀kúnwọ́ Erùpẹ̀ Tó Kù

Lẹ́tà náà bá mi lórí odi ìlú Xi'an, ní ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́. Agogo ńlá tó wà láàárín ìlú ló sọ̀ kalẹ̀ nínú ilé rẹ̀ láti gbé e wá fún mi. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, ó ti fi ọjọ́ kan pẹ́. Àǹtí Fadérera, àbúrò màmá mi, ló kọ ọ́: "Àrìnpé, ara màmá rẹ kò yá díẹ̀. Tètè máa bọ̀ wálé." Mo mọ ohun tó ń wí. Wọn kì í la irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ẹni tó wà lókèèrè. Wọ́n ti sin màmá mi lánàá.

Mo ká lẹ́tà náà, mo sì ń gun kẹ̀kẹ́ mi lọ. Odi náà fẹ̀ bí ojú títì. Nígbà tí mo dé igun rẹ̀, ó di yàrá màmá mi ní Ìpetumodù, wọ́n ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣí sínú kòtò gígùn tí àwọn ọmọ ogun tí wọ́n fi amọ̀ mọ fún ibojì ọba àtijọ́ kan tò sí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn, kálukú pẹ̀lú ojú tirẹ̀.

Èyí tó wà níwájú yẹ̀ mí wò. "Ọmọ amọ̀kòkò nìyí," ló sọ fún ìkejì rẹ̀. "Jẹ́ kó kọjá."

Màmá mi jókòó sórí àpótí láàárín wọn. Ó ń yí ṣùkù àgbàdo lórí èjìká ọ̀kan láti fi ṣe ọnà sí i, bó ṣe máa ń ṣe ìkòkò nílé. Mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kúuṣẹ́, Màmá."

"O ti dé?"

Mo fún un ní lẹ́tà náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ara mi kò yá díẹ̀! Fadérera yìí náà ṣá!"

Lẹ́yìn náà ó ní gbogbo àwọn àbúrò mi ló ti bu erùpẹ̀ sí ibojì òun, àfi èmi àkọ́bí. "Ẹ̀kúnwọ́ tìrẹ ló kù. Bí o kò bá bù ú, n óò máa wà níbí, wàá sì máa wá kí mi. Bí o bá bù ú, ó parí nìyẹn."

"Ṣé iṣẹ́ ibí dáa, Màmá?"

"Kò sẹ́ni tó ń bá mi yọwó."

Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Ó ti di amọ̀ dé ìgbọ̀nwọ́, ó ti gbẹ, ó sì ti sán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ogun tó kẹ́yìn, àyè kan ṣófo tó gba Màmá gẹ́lẹ́. Ó rí i pé mo ń wo ọwọ́ òun, ó fa ìró bò ó.

"Kò dùn mí," ló wí.

Àpótí kejì wà nítòsí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti nù ún sílẹ̀ dè mí. Mo fọwọ́ kàn án. Ó móoru. N kò jókòó.

"Màmá," mo ní, "mò ń lọ sílé. N óò bu erùpẹ̀ tèmi."