Ọ̀já Lábẹ́ Irin

Fawziyyah já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kẹrin, fóòmù àtijọ́ tó wà lábẹ́ irin sì tu eruku sí gbogbo wọn lójú. Súbérù ò bi í bóyá ó farapa. Ó pòṣé, ó tún etí ọ̀já ká mọ́ ọwọ́.

"Dìde. Àpò sìmẹ́ńtì pàápàá mọ bí wọ́n ṣe ń já jù báyìí lọ."

Àwọn ọmọ mẹ́ta tó ń wòran rọra rẹ́rìn-ín. Fawziyyah, ọmọ ọdún mọ́kànlá, gbọn ṣòkòtò rẹ̀, ó tún fò mọ́ irin.

Kíìpù, ọ̀nà gígòkè lórí irin ìdábùú nínú eré jimináásíìkì, ni wọ́n ń kọ́. Ọmọ á rọ̀ mọ́ irin, á fi ara lọ síwájú títí yóò fi nà tán, á wá gbé ọmọ ìka ẹsẹ̀ kan irin, á sì fa irin náà gba ojúgun wá sí itan bí ẹni ń wọ ṣòkòtò. Bó bá ṣe é re, yóò bá ara rẹ̀ lókè, irin á wà ní ìbàdí rẹ̀, apá rẹ̀ á nà gbọnrangandan. Àwọn kóòṣì mìíràn máa ń fi ọwọ́ gbé ọmọ títí yóò fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n bàbá Fawziyyah ti sọ pé ọwọ́ ọkùnrin kankan ò gbọdọ̀ kan ọmọ òun. Ìdí nìyẹn tí Súbérù fi mú ọ̀já ìpọnmọ. Wọ́n á ta á gba ẹ̀yìn ìbàdí ọmọ, òun á di etí kan mú, ìyá ọmọ á di ìkejì mú. Bí òun bá ní "Fà", àwọn méjèèjì á fà á sókè.

Nimotallahi, ìyá Fawziyyah, tó ń ta síìpù àti bọ́tìnnì ní Òṣòdì, ló di etí kejì mú. Súbérù ò fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ mú ọmọ wá sí àgbàlá yìí ní Ṣógúnlé, ó bi Súbérù bóyá ó ní ìwé ẹ̀rí. Ọdún méjì rèé, ìbéèrè náà ò tíì kúrò lọ́fun rẹ̀. Ajórin ni Súbérù, kíláàsì kẹrin alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ti fi ilé ìwé sílẹ̀, òun ló sì fọwọ́ ara rẹ̀ jó irin yìí pọ̀. Ta ló bi ọ̀bọ léèrè ìwé ẹ̀rí kó tó gun igi?

Lónìí, Jeremy, tó ti di kóòṣì báyìí, ń bọ̀ wá ṣa ọmọ kan ṣoṣo tí yóò máa kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbọ̀ngàn kan ní Òkòtà. Ẹni tí kò bá mọ kíìpù kò lè lọ. Fawziyyah nìkan ló sún mọ́ ọn.

Súbérù ló kọ́ Jeremy láti kékeré. Nígbà tó gba àmì ẹ̀yẹ, tí wọ́n gbé gbohùngbohùn sí i lẹ́nu, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ tó gbé e lọ. Súbérù gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí rédíò. Ọdún mẹ́jọ nìyẹn.

Jeremy dé ṣáájú àkókò. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ káàsán, Kóòṣì."

Súbérù wo bàtà rẹ̀. "Bàtà rẹ funfun. Má jẹ́ kí erùpẹ̀ wa bà á jẹ́."

Ó yíjú sí irin. Ọmọ náà fi ara lọ síwájú. "Fà." Fawziyyah gòkè dé ìlàjì, ó wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó já.

"Ẹ má bínú, Kóòṣì," ni Jeremy wí. "Ẹ̀ ń tètè fà á. Ara ẹ̀ ò tíì nà tán."

"Ẹni tí mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irin mú ló fẹ́ kọ́ mi nírin. Ṣé o ò rí i bó ṣe wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan ni? Ìyá ẹ̀ ni ò mọ̀ ọ́n fà. Ọwọ́ síìpù nìyẹn."

"Òótọ́ lẹ sọ," ni Nimotallahi wí. "Mi ò fà."

"Kí lẹ wí?"

"Mi ò tíì fà á láti ọjọ́ Ajé. Mo kàn ń di etí ọ̀já mú ni. Ọmọ ló ní kí n má fà, pé fífà yẹn kì í jẹ́ kóun nà débi tóun fẹ́ dé."

"Kí ló dé tí ò sọ fún mi?"

"Ó sọ fún yín. Ẹ ní kó panu mọ́."

Súbérù ju ọ̀já sílẹ̀. "Ó dáa. Ẹ yọwọ́ lára ẹ̀. Kó gòkè ká wòran."

Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Òun ti bá èyí wí tó. Ẹlòmíràn ni kó fà á mọ́ra. Ó fẹ́ kó já. Kò parọ́ fún ara rẹ̀: ó fẹ́ kó já níwájú bàtà funfun yẹn.

Fawziyyah rọ̀ mọ́ irin. Ara rẹ̀ lọ síwájú.

Apá Súbérù fà. Kò sí ọ̀já lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ti dé àyà, bíi ti ẹni tó ń fa omi láti inú kànga. Ọmọ náà ṣì ń lọ síwájú. Ó ń lọ. Ó nà tán, ó dúró lófuurufú níwọ̀n ìṣẹ́jú ojú kan, lẹ́yìn náà ló tó gbé ẹsẹ̀. Irin gba ojúgun rẹ̀, ó gba orúnkún, ó dé itan, ọmọ náà sì wà lókè, apá rẹ̀ nà, ìbòrí rẹ̀ ti wọ́ sẹ́yìn etí.

Òkè ni gbogbo wọn ń wò. Ẹnikẹ́ni ò rí ọwọ́ Súbérù. Ó rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀.

"Ẹsẹ̀ ẹ ò nà tó," ni ó wí.

"Ẹ ṣé, Kóòṣì," ni ọmọ náà dáhùn láti òkè.

Súbérù wo Jeremy, ó sì rántí ọ̀sẹ̀ tí ibà dá òun dúró sílé. Ìgbà tó padà dé ló bá Jeremy lórí irin, tó ti mọ kíìpù, ó sì lù ú pé kò dúró de òun. Sherifdeen, ọmọ mìíràn tó kọ́, mọ̀ ọ́n nígbà tí òun lọ sìnkú ní Ṣakí. Ọmọ́ṣẹ̀yìndé, lọ́jọ́ tí òun lọ ra irin. Ó wá ọmọ kan, ọmọ kan péré, tó kọ́kọ́ ṣe é níṣojú òun, kò rí.

Fawziyyah ní òun fẹ́ tún un ṣe.

Súbérù ki ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò, ó sì di àpò náà mú láti inú.