A Kì í Wo Rólù Karùn-ún

Bí ó bá ká mi mọ́ ọn ńkọ́? Bí Ọ̀gbẹ́ni Skaggs, ọ̀gá mi ní sinimá, bá tètè dé láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín, tó gun àtẹ̀gùn wá, tó rí i pé rólù fíìmù karùn-ún ni mo fi sẹ́nu ẹ̀rọ, tí rólù kẹrin sì jókòó sílẹ̀ níbí bí ọmọ tí wọn ò pè síbi oúnjẹ... Kò ní dé. Eyín tó wú tó yẹn! Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ dà bí ìgbà téèyàn gbé ẹyin pẹ́pẹ́yẹ sẹ́nu. Kó tó lọ, ó ní, “Orval, ìwọ nìkan ni mo fi síbẹ̀ o. Nọ́ńbà ara rólù ni kó o máa tẹ̀ lé.” Mò ń tẹ̀ lé e, sà. Ọ̀nà tèmi ni mo gbà.

Àwàdà lásán ni. Èyí tó dùn jù látìgbà tí mo ti fi ọ̀pọ̀lọ́ sínú fìlà Díákónì Purdy, lọ́dún tí wọ́n lé mi nílé ẹ̀kọ́ – rárá, èmi ni mo fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀. Wọ́n kàn bá mi ṣílẹ̀kùn ni.

Ohun tí mo ṣe kò le rárá. Nínú rólù karùn-ún ni àwọn ọlọ́pàá ti ń yìnbọn pa Jack Rudd, olè inú fíìmù yìí, lórí afárá. Gbogbo fíìmù olè tí wọ́n ń kó wá fún wa ní Oklahoma ló ń parí bẹ́ẹ̀: ọ̀gbẹ́ni náà á rẹ́rìn-ín, á jó ìwé gbèsè àwọn àgbẹ̀ níwájú báńkì, gbogbo wa á pàtẹ́wọ́, lẹ́yìn náà á kú. Ṣùgbọ́n nínú rólù kẹrin, ó wọ ilé ìdáná opó kan, ó ṣí fìlà, ó jẹ ẹ̀wà. Tí mo bá wá fi karùn-ún ṣáájú kẹrin... á kú, á sì wọlé wá jẹun. Ariwo tí wọ́n máa pa! Mo fẹ́ gbọ́ ariwo yẹn. Lónìí gan-an ni mo fẹ́ gbọ́ ọ.

Nítorí ọ̀gá ọlọ́pàá Hask ṣí fìlà lówùúrọ̀ yìí. Hask, tí kì í ṣí fìlà nínú ṣọ́ọ̀ṣì! Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ń wo bàtà ara rẹ̀. “Màmá Tolliver, wọ́n yìnbọn pa ọmọkùnrin kan níwájú báńkì ní Arkansas. Kò sóhun tí wọ́n bá lápò rẹ̀. Ó ga. Irun rẹ̀ pupa. Ẹ bá ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ọ̀la lọ, ẹ jọ̀ọ́ mà, kẹ́ ẹ wò ó... bóyá òun ni.”

Bóyá òun ni. Bóyá Delmar ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣé Delmar nìkan ni irun rẹ̀ pupa láyé ni? “Mo ti gbọ́,” ni Màmá wí. Ó padà sídìí ẹ̀wà tó ń ṣà. Lẹ́yìn náà ló wọ aṣọ Sunday rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. “Orval, mò ń bọ̀ ní sinimá lónìí.”

Ọjọ́ tí báńkì lé wa kúrò lóko ni Delmar lọ, ìlú sì ní ó ti ń ja báńkì lólè. Ó fi ìka ta mí létí. “Máa ṣe wèrè rẹ lọ, jàre. Tí mo bá dé, gbogbo rẹ̀ lo máa sọ fún mi, látorí ìkíní dé ìkẹyìn.” Mo ti kó wọn jọ dè é, ọdún méjì gbáko. Ti ọ̀pọ̀lọ́. Ti ewúrẹ́ tó gorí àga ìwàásù. Ta ni mo fẹ́ sọ wọ́n fún báyìí... Máa yí, ẹ̀rọ. Máa yí.

Àti ti itan ẹlẹ́dẹ̀! Èyíinì ni n ó fi parí. Opó Pruitt jí lọ́jọ́ kan, ó rí itan ẹlẹ́dẹ̀ gbígbẹ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, gbogbo ìlú sì pariwo: “Delmar ni! Delmar ti wá!” Ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ: “Báńkì gbé ilẹ̀ lọ, Delmar gbé ẹran wá. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, ta ni olè?” Èmi sì wà lórí àtẹ̀gùn ibẹ̀, mo fi fìlà bo ẹnu, ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa mí. Nítorí èmi ni mo yọ ọ́ nínú ahéré tí ọ̀gá báńkì ti ń sá ẹran sí èéfín, tí mo sì fi okùn dì í sẹ́nu ọ̀nà opó náà. Látìgbà náà, àwọn ọmọdé ń jà lórí ẹni tó máa ṣe Delmar nínú eré wọn. Màmá nìkan ni kò pariwo. Ó fọwọ́ kan okùn tí wọ́n fi di ẹran náà. “Okùn yìí dára,” ó ní. “Kókó rẹ̀ dára gan-an.” Bẹ́ẹ̀ ló wí, ó sì lọ sílé.

Ó ti tó. Rólù kẹta ti tán. Ẹ̀rọ kejì, èyí tí karùn-ún wà lẹ́nu rẹ̀... ó ti mú un. Afárá nìyẹn. Ọkọ̀ Rudd ń bọ̀. Ẹ wò ó dáadáa o, ẹ̀yin èèyàn mi, nítorí láìpẹ́ –

Kí ni wọ́n ń dìde fún?

Áà. Orval. Orí ẹja!

Fìlà. Wọ́n ń dé fìlà. Àwọn obìnrin ń gbé ọmọ. Báwo ni mo ṣe gbàgbé? Ní ìlú wa, a kì í wo rólù karùn-ún. Kò sẹ́ni tó ṣòfin rẹ̀. Tí ọkọ̀ bá ti kan afárá, gbogbo wọn á jáde, wọn á dúró síta nínú eruku, Díákónì Purdy á ní, “A fi í sílẹ̀ láàyè o,” onígbàjámọ̀ á sì máa ròyìn bí Rudd ṣe dé Mexico, tó fẹ́yàwó. Ẹ padà! Ó máa jí! Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀... Ilẹ̀kùn ti pa dé.

Àga òfìfo. Àga òfìfo. Fìlà aláwọ̀ aró kan ṣoṣo.

Màmá, ẹ dìde. Ẹ̀yin náà kì í wò ó. Ẹ dìde, mà –

Ìbọn.

Màmá kò gbójú kúrò. Ó tẹ̀ síwájú, ó gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn àga iwájú. Ojú Rudd gba gbogbo aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀, ó là kalẹ̀, kò ṣẹ́jú, Màmá sì ń wò ó bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́... Ó ń kọ́ ọ. Ọlọ́run mi. Nítorí ọ̀la ni. Ó wá síbí láti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ojú òkú.

Èmi tí mo ń fi rólù yìí hàn lójoojúmọ́, n kò mọ bí ojú Rudd ṣe máa ń rí nígbà tó bá kú, àfi lónìí. Ẹ̀rọ ni mo máa ń wò.

Rólù kẹrin. Ọwọ́ òsì mi ló gbé e, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ti wọlé. Rudd ṣílẹ̀kùn. Rudd ṣí fìlà. “Ṣé oúnjẹ ṣẹ́kù, màmá?” Ẹ̀wà ń hó lórí iná. Èjìká Màmá ń mì... ṣé ẹ̀rín ni? Ṣé ẹkún ni? Ó yíjú padà. Ó gbójú sókè sí fèrèsé kékeré mi. Kò bínú. Bí ó ṣe wo okùn ọjọ́ yẹn ló ṣe ń wò mí.

Okùn yẹn. Kókó tó kọjú sí òsì.

Òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń dì í. Ọlọ́wọ́ òsì kan ṣoṣo ló bí, kì í sì í ṣe Delmar. Ó mọ̀. Látọjọ́ náà ló ti mọ̀ – gbogbo ìlú ń kígbe Delmar, ó ń wo ọwọ́ mi, kò sì tú mi fó. Kì í ṣe òní ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa rólù dà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń mú Delmar wá jókòó sídìí tábìlì, tí Màmá sì ń jẹ́ kí n mú un wá.

Rudd ṣì ń jẹ ẹ̀wà. Níta, wọ́n ti ń gbé e dé Mexico.

Màmá gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé e lé itan.

Mo gbọ́, mà. Ní ọ̀la, nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀gbẹ́ yín ni n ó jókòó sí. Tí wọ́n bá ṣí aṣọ lójú ọmọkùnrin náà, n kò ní wo ẹ̀rọ kankan.