Eré Ilé Òfìfo

"Ẹ ju dáìsì yín, ẹ̀gbọ́n! Àbí ilé ń bà yín lẹ́rù ni?"

Oyèyẹmí, akọ̀wé rélùwéè, ló ń sọ̀rọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín báyìí. Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni, ní Sabon Gari, Kano, lọ́dún 1967. Òun ni olórí ẹgbẹ́ tó máa ń ta ayò àti lúdò ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì. Lúdò ti sú u, ló bá ń fọwọ́ ara rẹ̀ ya eré tuntun sórí páálí. Èyí tó ṣe ṣáájú, eré ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Kano, kárí àdúgbò. Olúdáre ló tẹ̀ ẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé rẹ̀ ní Ibo Road. Ìdí nìyẹn tó fi gbé tuntun yìí wá sí pálọ̀ Olúdáre.

Olúdáre ti gba ilé méjì nínú eré náà, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ó ju dáìsì, ó sún ọmọ eré rẹ̀, ó ṣí káàdì, ó kà á sókè: "Onílé ti bá rélùwéè lọ. Wọlé, ó di tìẹ. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan, aago ara ògiri kan, bẹ́ẹ̀dì ọmọ ọwọ́ kan."

Ó ti rẹ́rìn-ín tán kó tó wo àwòrán inú káàdì náà dáadáa. Fèrèsé ilé náà jẹ́ búlúù. Ilé Bartholomew ni, télọ̀ Ìgbò tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó rán kóòtù ìgbéyàwó rẹ̀. Nígbà ìpakúpa àwọn Ìgbò lọ́dún tó kọjá, òun àti Alice ìyàwó rẹ̀ sá lọ pẹ̀lú ẹrù orí nìkan.

"Báwo lo ṣe mọ̀ pé bẹ́ẹ̀dì ọmọ wà níbẹ̀?"

Oyèyẹmí họ orí. "Ilẹ̀kùn ò ní àgádágodo, ẹ̀gbọ́n. Ta ni kò tíì wọlé wò? Mo kàn fẹ́ kí eré náà jọ òótọ́ ni."

Mojí, ìyàwó Olúdáre, dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì. "Àwọn tó sá lọ ńkọ́? Ibo ni wọ́n wà nínú eré yìí?"

"Wọn ò sí níbẹ̀, Ìyá Rẹ̀mí. Wọ́n ti lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀."

Olúdáre wo ọmọ eré tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì kóòtù ńlá ni.

"Ti Bartholomew náà nìyí?"

"Inú agolo kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni mo ti rí wọn. Kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi ṣe?"

Ọ̀rọ̀ Oyèyẹmí rí Olúdáre lára, àmọ́ ẹ̀rín tí òun fúnra rẹ̀ rín ló rí i lára jù.

"Kó páálí rẹ kúrò lórí tábìlì mi. Fi bọ́tìnnì sílẹ̀."

"Bí ẹ ò bá tẹ̀ ẹ́, ẹlòmíì á tẹ̀ ẹ́."

"Kí ẹlòmíì tẹ̀ ẹ́."

Ẹlòmíì sì tẹ̀ ẹ́. Kí oṣù tó parí, ẹ̀rín àwọn tó ń ta á ń dún láti gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì títí dé òpópónà. Olúdáre ò dé ibẹ̀ mọ́.

Ní ti ilé Bartholomew, àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé ọjọ́ Ìsinmi náà ni Olúdáre ti ra àgádágodo. Ó da bọ́tìnnì padà sínú agolo wọn, ó fa ilẹ̀kùn, ó tì í. Bàbá Hausa kan tó ń ta omi dúró, ó bi í ní èdè rẹ̀ bóyá òun ló ra ilé náà.

"A'a," ni Olúdáre dáhùn. "Ajiya ce."

Rárá o. Ìpamọ́ ni.